TA NI YÓÒ SAN OWÓ BÁTÌRÌ?
Ọ̀rọ̀ lórí wáyà 12 fóltì tí wọ́n ń fà nínú ọkọ̀ 24 fóltì

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní ẹ̀ka wa ní Kúta yìí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni. Bí bátìrì ọkọ̀ bá kú, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ọlọ́kọ̀ ní awakọ̀ ni. Awakọ̀ ní ọlọ́kọ̀ ni. Rìwáyà tó fa wáyà ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Níkẹyìn, inú owó oṣù awakọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, oṣù dé oṣù, títí ọmọ yóò fi padà láti iléèwé nítorí owó.

Èmi kò fara mọ́ ọn pé kí awakọ̀ san owó yìí. Ṣùgbọ́n n kò ní fi irọ́ gbè wá, nítorí ẹgbẹ́ tó bá ń fi irọ́ gbe ọmọ rẹ̀, ọjọ́ ìjà ni yóò tú u fó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ bátìrì ọkọ̀ ńlá tó ń kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wáyà kan báyìí ló ń pa á. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà náà bá sì wà lára bátìrì, ẹ̀rí ló jẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Nǹkan méjì ni mo ṣe ń sọ pọ̀: kí wáyà náà kúrò nínú gbogbo ọkọ̀ wa, kí ọlọ́kọ̀ sì ra ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ ya èkíní kúrò lára èkejì.

WÁYÀ WO NI?

Ẹni tó ń wa danfó tàbí takisí lè bi mí pé kí ló kàn án. Ọkọ̀ kékeré, bátìrì 12 fóltì kan ṣoṣo ló ní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lọ́rì ńlá, típà àti tírélà tó ń gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, 24 fóltì ni wọ́n. Bátìrì 12 méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn, pósítíìfù èkíní mọ́ nẹ́gétíìfù èkejì, kí 12 àti 12 lè di 24. Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì ńlá ń fẹ́ agbára ńlá kó tó dìde.

Kí wá ni awakọ̀ ń lò níwájú ọkọ̀? Rédíò rẹ̀, 12 fóltì. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ ooru kúrò lójú rẹ̀, 12. Fóònù rẹ̀, 5 fóltì ni ẹnu ṣájà ń gbé jáde fún un, bátìrì inú fóònù fúnra rẹ̀ kò sì ju 3.7 lọ, bó bá kún tán kò kọjá nǹkan bí 4.2. Ẹ wo bí ó ṣe rí: 24, 12, 5, 4. Ẹnu wọn kò dọ́gba, inú ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń retí oúnjẹ.

Rìwáyà á dé, á wo bátìrì méjèèjì, á rí i pé bí òun bá fa wáyà láti àárín wọn, 12 ni òun yóò rí. Ó fà á. Rédíò kọrin. Awakọ̀ dúpẹ́, ó sanwó. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́.

ÒFÁTÁÍMÙ TÍ KÒ LÓWÓ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lédè òṣìṣẹ́. Bátìrì méjèèjì dà bí òṣìṣẹ́ méjì lábẹ́ ọ̀gá kan. Alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣájì wọn, kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ló rí. Iná tó bá gba inú èkíní kọjá, òun náà ló ń gba inú èkejì. Ìwọ̀n oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń bù fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ń ṣe òfátáímù ní gbogbo òru. Òun nìkan ló ń bọ́ rédíò, òun ló ń bọ́ fáànù, òun ló ń bọ́ fóònù. Èkejì jókòó, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní rédíò, fáànù àti fóònù pọ̀ ń jẹ 3 áńpù. Awakọ̀ sùn sínú ọkọ̀ fún wákàtí 8 níbi tó ti ń dúró de ẹrù. 3 lọ́nà 8 jẹ́ 24. Bí bátìrì náà bá jẹ́ èyí tó lè fúnni ní áńpù kan fún 100 wákàtí, ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀. Èkejì ṣì kún fọ́fọ́. Ilẹ̀ mọ́, a ṣíná sí ọkọ̀. Kí èyí tó ṣófo tó lè gba 24 rẹ̀ padà, èyí tó ti kún náà ní láti gba iye kan náà. Níbo ni yóò gbà á sí? Omi inú rẹ̀ ni yóò máa hó, tí yóò máa di gáàsì tó lè gbiná bí ẹnikẹ́ni bá ṣá ìṣáná tàbí mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti fi wò ó. Nǹkan bí 28 fóltì ni alternator ọkọ̀ 24 ń gbé wá fún bátìrì méjèèjì pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé 14 ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí. Bí èyí tí ebi ń pa kò bá lè gòkè ju 13 lọ, 15 ni yóò kù fún ẹnì kejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí bátìrì olómi máa dúró ní nǹkan bí 14.4 nígbà tí wọ́n bá ń ṣájì rẹ̀. Ebi ń pa ọ̀kan, àjẹkì ń pa èkejì. Ọ̀kan ò ní kún láéláé, ìpẹ́ funfun á bo òjé inú rẹ̀, kò ní lè gba iná mọ́. Omi èkejì á gbẹ. Méjèèjì á kú.

Ọlọ́kọ̀ á wá ra ẹyọ kan, á fi tuntun ti ògbólógbòó. Tuntun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà ohun tí kò ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wọn ó wá sọ pé bátìrì ayé òde òní kò dára.

ÈYÍ TÓ BURÚ JÙ BẸ́Ẹ̀ LỌ

Àwọn kan gbọ́ pé bátìrì ìsàlẹ̀ ń tètè kú, wọ́n sì ní àwọn yóò fa tiwọn lára bátìrì òkè, kí ìyà náà lè kárí. Ẹ yé ṣe é! Nẹ́gétíìfù rédíò àti irin ara rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Wáyà éríà rẹ̀ náà sì máa ń kan irin ọkọ̀. Irin ọkọ̀ yìí kan náà ni nẹ́gétíìfù bátìrì ìsàlẹ̀. Bí ara rédíò tí wọ́n so mọ́ àárín bátìrì bá kan irin ọkọ̀, bátìrì ìsàlẹ̀ ti jo gba ara rẹ̀ kọjá nìyẹn, wáyà á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Bí kò bá sí fíúsì níbẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ pé bébà sìgá tó ń dán tàbí fọ́nrán wáyà ni wọ́n fi dí ojú fíúsì, iná dé. Ẹni tó sùn sínú ọkọ̀ tó kún fún ẹrù lóru kò ní ìṣẹ́jú púpọ̀ láti sá jáde. Ẹ̀mí èèyàn ni à ń sọ yìí, kì í ṣe ti rédíò.

ÀWỌN TÓ NÍ KÁ LO RẸSÍSÍTỌ̀

Àwọn mìíràn ní kò sí wàhálà, ẹ fi rẹsísítọ̀ jẹ 12 kúrò nínú 24, ó parí. Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1827 ni yóò dá wọn lóhùn. Ká ní rédíò ń jẹ 2 áńpù. Kí 12 fóltì lè sọnù lójú ọ̀nà, rẹsísítọ̀ olóòmù 6 la nílò. 12 lọ́nà 2 jẹ́ wáàtì 24, ooru lásán ni gbogbo rẹ̀, ẹ ti gbé àdògán síwájú ọkọ̀ nìyẹn. Kò tán síbẹ̀. Awakọ̀ yí ohùn rédíò sílẹ̀, rédíò kò jẹ ju ìlàjì áńpù lọ mọ́. 6 lọ́nà ìlàjì jẹ́ 3. Fóltì 3 péré ló sọnù, 21 tó kù ló ya wọ inú rédíò tó ń fẹ́ 12. Ó jóná. A ti wá ní gbèsè rédíò àti gbèsè bátìrì.

Rẹsísítọ̀ ní ibi tó ti wúlò: lára iná LED kékeré tí áńpù rẹ̀ kì í yí padà. Ẹyọ LED funfun kan kò fẹ́ ju nǹkan bí 3 fóltì lọ. Ìdí nìyẹn tí okùn LED oní-12 tí à ń rà lọ́jà fi jẹ́ pé mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n to wọn léra, tí wọ́n fi rẹsísítọ̀ kékeré jẹ ìyókù. Ohun tí kò bá jẹun ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, rẹsísítọ̀ kọ́ ni yóò bọ́ ọ.

Àwọn tó ń so gílóòbù 12 méjì tẹ̀lé ara lórí 24 náà, ẹ gbọ́. Bí méjèèjì bá jẹ́ wáàtì kan náà, ó lè jó dáadáa, àmọ́ bí ọ̀kan bá kú, èkejì náà á kú sí òkùnkùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá so ti 21 wáàtì mọ́ ti 5 wáàtì, kékeré ni yóò gba ju 19 fóltì lọ nínú 24, á sì fọ́ lójú ẹsẹ̀. Kékeré ló máa ń kọ́kọ́ jìyà bí wọ́n bá so ó mọ́ ńlá láìsí àdéhùn. Òṣìṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un.

KÍ LÓ YẸ KÓ WÀ NÍBẸ̀?

Kọ̀ǹfátà 24 sí 12 ni. Àpótí kékeré kan tí kò ju ọwọ́ lọ ni. Kì í fi ooru jẹ fóltì. Ó ń ṣí iná, ó ń tì í, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà tí wọ́n ká àti àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú rẹ̀ sì ń mú kó jáde ní 12 tó dúró ṣinṣin. Ara bátìrì méjèèjì pọ̀ ló ti ń jẹun, tí ọ̀kankan kò fi ní ṣe òfátáímù nítorí èkejì. Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀: 3 áńpù ní 12 fóltì jẹ́ wáàtì 36. Bí kọ̀ǹfátà bá fi díẹ̀ ṣòfò, tí ó gba wáàtì 40, ohun tó ń fà lára 24 kò pé 2 áńpù. Wáyà àárín ń fa 3 lára ẹnì kan. Kọ̀ǹfátà kò fa 2 lára àwọn méjèèjì.

Ti fóònù rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù ti inú ọkọ̀ ni wọ́n kọ 12 sí 24 sí lára. Irú rẹ̀ lè gba 24 tààrà, kó sì fúnni ní 5. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó tì í bọ ihò. Èyí tí wọ́n kọ 12 nìkan sí, 12 náà ni.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, nítòsí orí bátìrì gan-an. Ẹ má fi í sí ẹ̀yìn rédíò, nítorí wáyà tó ti jóná láàárín ọ̀nà kò ní dúró de fíúsì tó wà níwájú. Bí gbogbo ohun tí à ń lò bá ń fa 2 áńpù lára bátìrì, fíúsì 5 tó.

Fún àwọn ọlọ́kọ̀ tó ní ọkọ̀ púpọ̀, ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń gbé iná láti ara bátìrì tó kún lọ sára èyí tí ebi ń pa, kí méjèèjì lè dọ́gba. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ̀ǹfátà, kó ra ìyẹn. Ohun tí a kò ní gbà ni pé kó má ra nǹkan kan, kó sì tún máa yọ owó wa.

ỌLỌ́KỌ̀ NÍ ÌGBÁDÙN AWAKỌ̀ NI

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn yóò ní: rédíò àti fóònù, ìgbádùn awakọ̀ ni, kó fi owó ara rẹ̀ ra kọ̀ǹfátà. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn.

Láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí Leyland ní Ìbàdàn àti ANAMMCO ní Enugu ń to lọ́rì, rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì ni awakọ̀ ń wá 12 fóltì fún. Ẹni tó bá pè é ní ìgbádùn nígbà náà, a lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lónìí, ta ló ń pe awakọ̀ ní aago 11 òru pé níbo lo dé? Ọlọ́kọ̀ ni. Ta ló ń bínú bí fóònù bá kú? Ọlọ́kọ̀ ni. Orí fóònù ni wọ́n ti ń sọ ibi tí ẹrù wà, orí rẹ̀ náà ni oníbàárà ti ń bèèrè iṣu àti pákó rẹ̀. Fóònù ti di irinṣẹ́ bíi jáàkì àti táyà ìdábọ̀. Ta ló ń ra jáàkì? Ṣé awakọ̀ ni?

Ẹ̀wẹ̀, owó kọ̀ǹfátà kan kò tó owó bátìrì ọkọ̀ ńlá kan. Ọlọ́kọ̀ tó kọ̀ tí kò rà á, tó ń ra bátìrì méjì-méjì, kì í ṣe pé ó ń ṣọ́ owó. Ohun tó mú kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni pé owó ẹlòmíràn ló fi ń ra bátìrì náà.

ÒFIN SỌ̀RỌ̀

Labour Act wà ní ilẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, ó sì wà nínú àkójọ òfin ti 2004. Ẹ ka abala 5. Agbanisíṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Bí ó bá ní òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé ó ṣe àìbìkítà, kò lè dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀: ó ní láti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, iye tó máa yọ sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Gbogbo owó tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ẹni tí ọlọ́kọ̀ ń san owó oṣù fún ni òfin yìí ń dáàbò bò. Ẹni tó ń dá owó fún ọlọ́kọ̀ lálaalẹ́ ní láti kọ ọ̀rọ̀ bátìrì sínú àdéhùn rẹ̀ kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: àìbìkítà. Ibẹ̀ ni wáyà àárín ti ń dì wá lọ́wọ́ mú. Bí a bá lọ sójú òfin, tí wọ́n ṣí àpótí bátìrì, tí wáyà náà sì wà níbẹ̀, kí la fẹ́ sọ? Ẹni tí yóò báni jà kì í dúró de ká fún un ní pàṣán. Ẹ jẹ́ ká gba pàṣán náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀YIN ARÁ FÁKTÌRÌ, Ó KÀN YÍN

Fọ́kílífù oníbátìrì tí ẹ ń lò ní fáktìrì, inú ẹyọ 2 fóltì ni wọ́n ti kó bátìrì rẹ̀ jọ. Ti 48 fóltì, ẹyọ 24 ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fa 12 lára mẹ́fà nínú wọn láti tan iná tàbí láti fọn fèrè, ẹ kọ̀ fún un. Mẹ́fà yẹn ni yóò kọ́kọ́ kú, wọn ó sì bi ẹ̀yin léèrè. Bákan náà ni ẹ̀yin tó so bátìrì méjì pọ̀ di 24 nílé, tí ẹ ń fi oòrùn ṣájì: ẹ má fa iná 12 lára ọ̀kan nínú wọn.

Bátìrì tó kú kì í sì í ṣègbé. Òjé àti ásíìdì ló kún inú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ni yóò sì fọ́ ọ, tí yóò yọ́ ọ. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ọmọdé 18 kú láàárín oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008 nítorí òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ń tún yọ́ ládùúgbò wọn. Bátìrì tí a kò bá fi ìwà agídí pa, ìyà ẹnì kan ló dín kù.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Èkíní, kí ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀ fi ẹnu kò pé kò sí rìwáyà ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò tún fa wáyà láti àárín bátìrì mọ́. Ẹni tó bá ṣe é, kí ẹgbẹ́ pè é.

Èkejì, kí gbogbo awakọ̀ ọkọ̀ 24 fóltì yọ wáyà tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fún ọlọ́kọ̀ ní ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, pé wọ́n ti yọ ọ́, àti pé wọ́n ń bèèrè kọ̀ǹfátà àti fíúsì. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan pamọ́.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ìwé yìí, bí ọlọ́kọ̀ kan bá tún yọ owó bátìrì kúrò nínú owó oṣù láìsí ìyọ̀ǹda tí òfin sọ, kí ẹgbẹ́ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí a má jẹ́ kí awakọ̀ nìkan lọ bẹ ọ̀gá nílé.

Ẹ̀kẹrin, bí bátìrì kan bá kú lára ọkọ̀ 24, kí a bèèrè méjì, irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà.

Àwọn kan yóò ní a ti ń fa wáyà yìí tipẹ́, kò sì pa wá. Bẹ́ẹ̀ ni, a tún ti ń san owó bátìrì tipẹ́. Àwọn méjèèjì ló ti tó gẹ́ẹ́. Ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ kí fóònù awakọ̀ máa dún lóru, kó ra ohun tí yóò máa bọ́ fóònù náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ má rán ẹnu ẹlòmíràn.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!